Àyè Òkúta Kan Lókè Ẹnu Ọ̀nà

Bàbá wa, ọdún mẹ́fà rèé tí ẹ ti gbé òòlù sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà, ẹnu ọ̀nà iwájú kò tíì parí.

Àbígbẹ̀yìn yín ti lọ sílé ọkọ. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde, torí pákó ṣì dí iwájú. Òkè tí ẹ ti ń la òkúta, ẹ̀rọ ń lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń po kọnkéré. Ọmọṣẹ́ yín àgbà ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ó ní iṣẹ́ òkúta ò yá tó ebi.

Ẹ máa ń sọ fún wa pé òkúta gbọọrọ kan ni àwọn ará àtijọ́ kọ́kọ́ ń gbé dábùú ẹnu ọ̀nà. Tó bá gùn jù, á kán láàárín. Nígbà tó yá, ẹnìkan ronú pé kí òkúta kéékèèké fara ti ara wọn, kí wọ́n tẹ̀ bí òṣùmàrè, kí ìwúwo wọn gan-an máa dì wọ́n mú. Ẹ ní afárá tí wọ́n fi ọgbọ́n yẹn kọ́ pẹ́ láyé ju àwọn ọba tó ní kí wọ́n kọ́ ọ lọ.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ẹ to òkúta lọ́tùn-ún, ẹ tò ó lósì, ẹ fi pákó gbé e ró lábẹ́. Ó ku ẹyọ kan láàárín. Ilẹ̀ mọ́, ẹ kò jí.

Òkúta dídán kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà yín. Ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. A ní ohun tí ọwọ́ yín gbẹ́ kẹ́yìn nìyí. A rì í mọ́lẹ̀ níbi orí sàréè yín, a kọ orúkọ yín sí i lára.

Lọ́dún yìí, ikán wọ pákó. Bíríkìlà tí a pè gun àkàbà, ó wo àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín títí.

“Òkúta àárín ńkọ́? Èyí tó fẹ̀ lókè, tó tín-ín-rín nísàlẹ̀? Òun ló máa di ìyókù mú. Èmi ò mọ̀ ọ́n gbẹ́, n ò sì mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́.”

Ìyá wa jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ní ká lọ wú òkúta orí sàréè náà.

“Ta ní ń yọ ìrọ̀rí lábẹ́ orí ẹni tó ń sùn?” Ìyá wa bi í.

“Màmá, tó bá wó, iṣẹ́ Bàbá ti lọ nìyẹn.”

“Èmi náà mọ̀. Ẹ jẹ́ ó wó.”

Pákó náà ń kérora bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Kò ní pẹ́ mọ́.

Bàbá wa, àárò yín ń sọ wá. Lójoojúmọ́ là ń gbójú sókè wo àyè tí ẹ fi sílẹ̀. Ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ojú sánmà nìkan ló wà níbẹ̀. A fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.