Kíka Àwọn Tó Ń Fi Ẹ̀rọ Mí

Màámi,

Mo kí yín, mo kí Bàbá, mo sì kí Ìyá Adérìnsọ́lá tó ń bá yín wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yìn Kànmí ọkọ mi ò dùn ún mọ́; ó ti ń gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin subway ní Soundview, àdúgbò wa níbí, láìsinmi. Eyín iwájú Fúnṣọ́ ọmọ wa ti ká, ó wá ń fi àlàfo rẹ̀ súfèé káàkiri ilé.

Ẹ ní kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni pé kíka ni iṣẹ́ mi ní ilé ìwòsàn: àwọn aláìsàn tó ń fi ẹ̀rọ mí, ọjọ́ tí wọ́n dé, bí wọ́n ṣe lọ. Èmi náà ti bi ara mi léèrè bóyá ó dáa. Nọ́ọ̀sì wa, Sístà Lucy ọmọ Ìjẹ̀bú, a máa ní, "Oyíndà, èmi ṣáà ni kó o má kà o."

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ti oṣù mẹ́ta, mo rí i pé wọn kì í dán ẹnikẹ́ni wò ní Sátidé àti Sọ́ńdè bóyá ó lè mí fúnra rẹ̀. Mo fi han dókítà àgbà. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Àwa la ṣe èyí?" Wọ́n yí i padà. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, wọ́n yọ rọ́bà ẹ̀rọ lẹ́nu bàbá kan, kọfí ló kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ má gbàgbé oògùn yín. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ má gbàdúrà mọ́ pé kí n kúrò níbẹ̀, Màámi. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n má fo ẹnì kankan.

Ọmọ yín,
Oyíndà