Àmín tí Mo Ṣe Sórí Ẹ́ńjìnnì

Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

A ti so ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tí Bọ̀dá Délé fi ń kó èrò ní etí omi Fẹ́sítákì. Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ń di nọ́ọ̀tì rẹ̀, àtàǹpàkò mi rì sínú pákó tó gbé e dúró. Pákó náà ti jẹrà. Kí n tó sọ̀rọ̀, Bọ̀dá ti ṣí fìlà, ó ń gbàdúrà: "Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní já wa kulẹ̀ lójú omi!" Bí mo bá dárúkọ jíjẹrà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ní mò ń ṣépè. Gbogbo wa ṣe àmín. Ohùn tèmi ló tiẹ̀ lọ sókè jù.

Lọ́la ni Bọ̀dá yóò fi ọkọ̀ náà kó ìyàwó rẹ̀ àti àwọn akọrin sọdá lọ síṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀bà tutù níwájú mi. Mo pe Bọ̀dá lórí fóònù, mo sọ ọ̀rọ̀ pákó náà fún un.

Bọ̀dá ní: "O rí i, o wá ń pariwo àmín?"

"Ẹ máà bínú, Bọ̀dá."

"Kò sẹ́ni tó máa wọ ọkọ̀ yẹn lọ́la. Wá bá mi yọ pákó náà. Àmín tìẹ ti tó."