Ẹni Tó Ń Rìn Kẹ́yìn

Bàámi ọ̀wọ́n,

A ti ṣe eré náà. Àná ni, nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ọjà ní Ìkéré, lọ́sàn-án gangan, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ rin títì Emùré mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Orúnkún mi méjèèjì ló bó. Màámi wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní bú mi tàbí kó bú sẹ́kún, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ẹ ò rí irú eré yìí rí. Ara la fi ń ṣe é, a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ara wa ni igi, ara wa ni odò, ara wa náà lòkè. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, èjìká ẹlòmíràn ló máa gùn. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ yọjú síbi tí a ti ń dánra wò, tí ẹ rí èmi olùkọ́ àwọn ọmọdé tí mo ń yí gbirigbiri lórí pákó, ẹ ó ní ṣé torí èyí lẹ ṣe rán mi níwèé. Lẹ́yìn náà ẹ ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi ilẹ̀kùn, bí ẹ ṣe máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sì wò ó títí tó fi máa parí. Àárò yín ń sọ mí o.

Kọ́lá ni olùdarí wa. Ó fẹ́ ṣe eré nípa àwọn ará oko tí àwọn agbébọn lé, bí wọ́n ṣe yè é, àti ẹni tó darí wọn. Ọ̀rọ̀ abà wa ni. Gbogbo wa la mọ̀, bí a ò tiẹ̀ dárúkọ yín. Kọ́lá ní kí olórí wà níwájú, kí a gbé e lé èjìká kí gbogbo ayé rí i. Mo ní irọ́ ni. Mo pariwo mọ́ ọn. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í dákẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo sì ti jogún ẹ̀. Mo ní ní abà tiwa, ẹni tó ń ṣáájú ń wá ọ̀nà ni. Olórí ló ń rìn kẹ́yìn.

Ni mo bá kọ́ wọn lófin abà. Mo ní bí a bá ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́, Bàbá Ìdòwú ọ̀rẹ́ yín ló máa ń wà níwájú pẹ̀lú àdá, àwọn obìnrin àtàwọn ọmọ á wà láàárín pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, ẹ̀yin lẹ ó kẹ́yìn, ẹ ó máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ò mọ ẹsẹ kejì rẹ̀. Bí a bá dé ibi tí igbó ti dí, Bàbá Ìdòwú á ké pé, “Ẹ̀yìn ńkọ́?” Ẹ̀yin náà á dáhùn pé, “Ẹ̀yìn ń bọ̀!” Bí ẹ̀yìn bá ti dáhùn, kí kálukú máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn ò bá dáhùn, kí gbogbo ènìyàn sọ ẹrù kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí àwọn ọkùnrin sì padà lọ wò ó. Orí ẹ̀yìn Màámi ni mo ti kọ́ òfin yẹn. Ṣé ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ tí ẹ fi wá ṣeré, tí ẹ sá pamọ́ sẹ́yìn igi kòkó, tí ẹ ò dáhùn? Gbogbo obìnrin sọ iṣu kalẹ̀, ẹ̀rù ba gbogbo wa, ẹ wá yọjú, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Màámi bú yín títí a fi délé. Ẹ jẹbi lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń sọ ọ́.

Ìpè àti ìdáhùn yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú eré wa. Tóyìn ọ̀rẹ́ mi ló wà níwájú. Èmi ni mo ṣe yín.

Èmi àti Màámi ò sí lóko lọ́jọ́ tí àwọn agbébọn dé. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nígbà tí ẹ kú ni pé ìbọn àkọ́kọ́ ló mú yín. Ìdí igi obì tí ẹ dúró sí làwọn ọdẹ ti bá yín, ẹ ò kúrò níbẹ̀, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá kí Màámi, Màámi á sọ fún un pé, “Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń kú. Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀.” Á nu ojú rẹ̀, á wá bi àlejò bóyá ó máa jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń sùn, Bàámi. Ó gbá a mọ́ra bí ẹní gbá ìrọ̀rí mọ́ra.

Bí eré ṣe ń sún mọ́lé, Bàbá Ìdòwú wá wò wá. Òun ni olórí abà báyìí. Ó ti gbẹ, ẹ lè má dá a mọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fìlà lé orúnkún. A ṣe dé ibi tí ìbọn ti dún. Kọ́lá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pákó, mo ṣubú, mi ò mira mọ́, àwọn yòókù sá lọ. Ni bàbá bá dìde.

“Kò rí bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ọmọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.”

Ó mú mi jáde síta, ó sì sọ ọ́ fún mi. Ìbọn dún, gbogbo wọn ya wọ ọ̀nà tóóró, wọ́n ń sáré. Ó ké bó ṣe máa ń ké, ẹ sì dáhùn pé ẹ̀yìn ń bọ̀. Nígbà tó tún ké, ẹ tún dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn yín ti jìnnà. Ìgbà yẹn ló mọ̀. Ohùn ẹni tó ń bọ̀ kì í jìnnà sí i. Ìbọn ti bà yín, ẹ wà lójú kan, ẹ sì ń parọ́ fún wọn kí wọ́n má baà sọ ẹrù kalẹ̀, kí wọ́n má baà padà wá kú. Ó ké sí i, ẹ dáhùn, ohùn náà kéré bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má bèèrè mọ́.

“Bí mo bá bèèrè tí kò dáhùn, òfin ní ká dúró,” ó ní. “Àwọn obìnrin pọn ọmọ. Mi ò bèèrè. Mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè.”

Gbogbo wọn ló dé títì Emùré láàyè, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kí Màámi gbọ́ ọ. Ọmọ tó kéré jù lára wọn ti ń rìn báyìí.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí. Ó ní kí n jẹ́ kí eré wà bó ṣe wà, kí n ṣubú kí n dákẹ́. “Màmá rẹ ni kí o rò. Jẹ́ kó máa rí oorun sùn.” Inú bí mi, Bàámi. Mo sọ fún un pé ojú tara rẹ̀ ló fẹ́ bò, kó má fi Màámi bojú. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sulé.

Bí mo bá ṣubú tí mo dákẹ́, mo ti gba ohùn lẹ́nu yín. Iṣẹ́ tó le jù tí ẹ ṣe láyé yín, èmi ọmọ yín ni mo bò ó mọ́lẹ̀ yẹn. Bí mo bá dáhùn, Màámi á gbọ́ pé ọkọ òun wà láàyè nídìí igi obì, pé ó ń pariwo, àwọn ènìyàn sì ń lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbìyànjú láti kọ́kọ́ sọ fún un nínú ilé. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo jókòó tì í, mo bá a bó ẹ̀gúsí náà tán, mi ò lè la ẹnu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Kọ́lá àti Tóyìn. Kọ́lá ní ọwọ́ mi ló wà, ibi tí mo bá gbé e gbà làwọn máa bá mi gbà. Bí mo bá dáhùn, Tóyìn á gbé ọwọ́ sókè bíi ti Bàbá Ìdòwú. Bí mo bá dákẹ́, a ó ṣe é bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ wá pé. Màámi wọ bùbá aláwọ̀ ewé tí ẹ fẹ́ràn, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin abà. Bàbá Ìdòwú náà wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ lẹ̀yin náà ìbá jókòó sí.

Kọ́lá gbá pákó. Mo ṣubú. Àwọn yòókù gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń sáré yí ká gbọ̀ngàn láàárín àwọn bẹ́ǹṣì. Tóyìn ké, “Ẹ̀yìn ńkọ́?” Títí di ìṣẹ́jú yẹn, mi ò tíì mọ èyí tí mo máa ṣe. Ẹ̀rín yín lẹ́yìn igi kòkó ni mo rántí. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

“Ẹ̀yìn ń bọ̀!”

Obìnrin kan láti abà ké “Yé!” Wọ́n sáré lọ. Tóyìn tún ké, mo tún dáhùn. Nígbà tó ké ìkẹyìn, mo dáhùn láti inú kànga yẹn, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ni Tóyìn bá gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀kadà tó ń kọjá níta nìkan ni mò ń gbọ́.

Ojú mi wà nílẹ̀, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì dún. Mo gbọ́ ohùn Màámi, kò sunkún, ohùn tó máa ń mú jáde láàárín ọ̀nà oko gan-an ni.

“Ẹ̀yìn ńkọ́?”

Bàámi, mi ò lè dáhùn. Mo ní ẹnu, ó kọ̀, kò là. Ta ni kí n parọ́ fún lẹ́ẹ̀kan sí i? Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì. Tóyìn ló sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn yòókù sọ tiwọn kalẹ̀. A ò kọ́ ìyẹn o, kò sí nínú eré. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ láti orí àwọn bẹ́ǹṣì: báàgì, agboòrùn, ike omi, Bíbélì ẹnìkan. Gbogbo ará abà ń sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wá ń bọ̀ láti ibi ilẹ̀kùn, ó ń wọ́ nílẹ̀. Bàbá Ìdòwú ni. Ó padà wá. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, kò sì dìde títí wọ́n fi wá gbé e.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ẹrù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ.

Láàárọ̀ yìí, etí ibùsùn ni mo ti bá Màámi, bùbá aláwọ̀ ewé yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i. Mò ń dúró kí Màámi sọ pé kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń kú. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Kò bi àlejò bóyá ó máa jẹun. Nígbà tí ìyá náà lọ, ó kọjú sí mi.

“Ṣé ó pẹ́?”

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀. Bàbá Ìdòwú pàápàá ò lè mọ̀, torí pé ó ti dá ìbéèrè dúró. Màámi fi ojú wá ìdáhùn lára mi títí, ó wá yí ojú sí ògiri.

Ṣé mo ṣe é re, Bàámi? Mo ti dá ohùn yín padà fún yín, mo sì ti gba oorun lójú ìyàwó yín. Èwo lẹ ìbá mú? Mo bínú sí Bàbá Ìdòwú, mo pè é ní ẹni tó ń bo ojú ara rẹ̀, àṣé oorun Màámi ló ń ṣọ́ lóòótọ́. Mo bínú sí ẹ̀yin náà, ẹ má bínú. Kí ló dé tí ẹ mọ irọ́ pa tó bẹ́ẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ mọ̀, mi ò sì lè bi ẹnikẹ́ni láyé. Nígbà tí ọwọ́ ti lọ sókè, tí kò sẹ́ni tó bèèrè mọ́, ṣé ẹ ṣì ń dáhùn?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.
Ẹrù mi ṣì wà nílẹ̀.