"Get", àti Àwa Tí Ó Yé Dáadáa

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà
Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ọ̀gá Táì, mánéjà wa ní òtẹ́ẹ̀lì, ní ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lòun máa mú kúrò níbi ìfọṣọ lọ síbi táwọn àlejò ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ́ ibẹ̀ gan-an. Ooru áyọ́ọ̀nù ti fẹ́ẹ̀ sè mí jinná.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni tíṣà kọ sójú bọ́ọ̀dù: get. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. A dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 4
Kéèyàn rí nǹkan gbà — get. Kó délé — get. Kó rẹ̀ ẹ́, kínú bí i, kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì — get náà ni. Ṣé ọ̀rọ̀ wọ́n lọ́jà Òyìnbó ni? Tíṣà ní ṣé ó yé wa. Bàbá Káfíńtà, àgbà kíláàsì, ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ó yé wa dáadáa, sà." Gbogbo wa gbè é. Ta ló fẹ́ wo ojú tíṣà kó ní wàhálà rẹ̀ já sásán? Ọmọlúàbí ni wá. Orí mi ṣófo.

Ọjọ́ Ajé, 9
Get tún bímọ. Ó yé wa, sà.

Ọjọ́rú, 11
Tíṣà ní òun ò tíì rí kíláàsì tó ní làákàyè tó báyìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fo ojú ìwé bíi mélòó kan. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Ọ̀gá Táì pè mí sí ọ́fíìsì. Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ. Mo tẹ orúnkún díẹ̀: "Yes, sir." Ó tún béèrè. "Yes, sir." Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ti débẹ̀ nìyẹn! Ọkọ mi ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ra bàtà gogoro dúdú.

Ọjọ́ Ajé, 16
Mo fi bàtà gogoro dé ibi kọ́kọ́rọ́. Ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì ló jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá Táì ṣàlàyé lédè wa: òun bi mí bóyá kóun fi mí sílẹ̀ níbi ìfọṣọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín." Mo ní ọmọ yẹn ńkọ́? Ìyẹn ní tirẹ̀ sọ fún ọ̀gá pé òun ò gbọ́, kó rọra tún un sọ. Ìyẹn ló wú ọ̀gá lórí.

Mo wọ bàtà gogoro náà, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ títí dìrọ̀lẹ́. Mo sunkún. Mo ní ooru ni.

Ọjọ́rú, 18
Tíṣà ní ṣé ó yé wa. Bàbá Káfíńtà ti ń la ẹnu. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Kò yé mi, látọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀."

Tíṣà ń wò mí bí ẹni tí mo bú bàbá rẹ̀.

Bàbá Káfíńtà tẹ orí ba. "Èmi náà, sà," ló wí. "Mo rò pé èmi nìkan ni."

Tíṣà nu bọ́ọ̀dù. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀: get.