Áàpù tó ní kí n ṣẹ́jú

Abdulrasheed àbúrò mi, ṣé àlàáfíà ni? Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Inú ń bí mi. Látìgbà tí ojú mi ti fọ́, fóònù mi ló ń ka áàpù báńkì sí mi létí. Wọ́n wá yí i padà. Ó ní kí n gbé ojú sínú àmì róbótó kan kó lè yà mí, kí n sì ṣẹ́jú! Mo lọ bá wọn ní báńkì ní Àpápá. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ mú ẹni tó ríran wá." Kí n wá sọ píìnì mi fún ẹni yẹn?

Ìwọ náà ń ṣe áàpù lọ́hùn-ún tó o wà yẹn, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n kó o tó gbé tìrẹ jáde, di ojú rẹ méjèèjì, kó o kọ́kọ́ lò ó. Ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì ló máa lò ó.

Suwaibat, Ajégúnlẹ̀