Ọkọ̀ ni Mo Pè, Ọkọ ni Wọ́n Gbọ́

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Odoakpu, Onitsha,
                                        Ìpínlẹ̀ Anambra.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, 1981.

Bílíkísù mi, ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ibà tó ṣe é? Ìyá rẹ tó di ìyá wa ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn? Mo mọ̀ pé wọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi òróró pa á fún wọn àfi ìwọ. Bá mi kí wọn kí o tó ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀, torí bí o bá kà á tán, o lè gbàgbé. Kúdí ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, àbí ó ṣì ń fọwọ́ júwe bí ọ̀gá ọlọ́pàá? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Àfáà ní kí n máa dúpẹ́, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí o kọ sí mi tẹ̀ mí lọ́wọ́. O kú àdúrótì mi. Ikú Yúnúsà ṣì dà bí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọkọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo jókòó kọ sí ọ lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbí tí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún ní Odoakpu, torí gbogbo Odoakpu ló ti gbọ́ ọ, òdì ni wọ́n sì gbọ́ ọ.

O mọ̀ pé inú takàbà ni mo wà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó mùsùlùmí fi ń jókòó sílé. N kò gbọdọ̀ jáde, n kò gbọdọ̀ lé tìróò, n kò gbọdọ̀ fi lọ́fínńdà para. Mama Obiageli, ìyá Igbo tó ni ilé tí a ń gbé, ló ń bá mi ra oúnjẹ, òun náà ló ń bá mi ṣí ìsọ̀ abọ́ mi ní Relief Market. Láràárọ̀, á yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Nwunye anyị, ndo. You don chop?" Ìyẹn ni pé ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́, ṣé o ti jẹun? Èmi á ní mo ti jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n kírun, kí n wo ògiri. Bílíkísù, èmi tí ìyá wa máa ń pè ní Arìnká! Yàrá yìí kéré. Nígbà mìíràn, bí mo bá jí, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún sún ògiri mọ́ mi díẹ̀ sí i.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ju yàrá lọ ni ohun tó ń dúró dè mí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ti Ìwó bọ̀ ti sọ fún mi pé àwọn mọ̀lẹ́bí Yúnúsà ti jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Wọ́n ní bí takàbà bá ti tán, Gbàdàmọ́sí, àbúrò Yúnúsà, ni yóò ṣú mi lópó, tí yóò sì kó mi lọ sí Ìwó. N kò ní bàbá, n kò ní ìyá mọ́, Ọlọ́run kò sì tíì fún èmi àti Yúnúsà lọ́mọ. Ta ni yóò bá mi dá wọn lóhùn? Onitsha ni wọ́n bí mi sí. Bí kì í bá ṣe ogun tó lé wa lọ sí Ìwó, èmi àti ìwọ kì bá tí pàdé ní ilé ìwé. Nígbà tí ogun parí, tí ọjà ńlá ṣì jẹ́ àlàpà, ibí ni a padà sí, ibí ni mo ti to ìwọ̀nba abọ́ sórí àpótí lójú títì títí mo fi ní ìsọ̀. Èmi ni mo ni ín. Ní Ìwó, ìyàwó kejì Gbàdàmọ́sí ni n ó jẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú yàrá yìí, nǹkan kan ṣoṣo ló ń bá mi ṣeré. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni Yúnúsà ń tà, o rántí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tó ti London dé ta ẹ̀rọ géèmù kan fún un, àpótí dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ọ̀pá kékeré kan tí à ń fọwọ́ yí, àti bọ́tìnì pupa. Bí o bá tan án, ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn, ìràwọ̀ á yọ. Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan wà nísàlẹ̀, ìwọ lo ń wà á. Lókè, ilé ńlá kan wà láàárín ìràwọ̀ tó ń yí po láìdúró, ilẹ̀kùn kan péré ló sì ní. Iṣẹ́ rẹ ni kí o mú ọkọ̀ wọ ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kí epo tó tán. Bí o bá sáré, ọkọ̀ á fọ́ yángá. Bí o bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilé á tì ọ́ dànù. Kò sì ní bíréèkì, Bílíkísù! Bí o bá ti tẹ bọ́tìnì, á máa lọ ni, àfi kí o yí ìdí rẹ̀ síwájú kí o tún tẹ̀ ẹ́ kí eré rẹ̀ tó rọlẹ̀.

Yúnúsà kò mú un wọlé rí. Á jókòó sórí ẹní, á ní, "Yóò wọlé, Súlì, wò ó, yóò wọlé." Kí ó tó sọ tán, gbàù! Á wá máa bú ọkọ̀ náà bí ẹni ń bú dírẹ́bà ọ̀mùtí. Èmi á máa rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìjókòó yìí fẹ́ sọ mí di wèrè, mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbá ọ̀pá mú. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní opó ń ṣeré nínú ọ̀fọ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni, n kò sì bi Àfáà, torí ohun tí a kò bá bi Àfáà, Àfáà kì í ní ká má ṣe é.

Ọkọ̀ tí mo fọ́ tó kún gáréèjì. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mo ṣàdédé rántí ọlọ́kọ̀ ojú omi tó gbé wa kọjá Odò Ọya lẹ́yìn ogun, nígbà tí afárá ṣì já. Asaba la ti ń bọ̀. Mo ti rò pé ọkùnrin náà yóò máa wa ọkọ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Rárá o. Èbúté ṣì jìnnà nígbà tó ti gbé àjẹ̀ rẹ̀ lé itan, tó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló rọra lọ gúnlẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ̀n wá. Mo ní ó dára. Mo tẹ bọ́tìnì díẹ̀, mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo wá ń yí ọkọ̀ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ilé yẹn ṣe ń yí, títí tó fi dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ń yí mọ́, tí ilẹ̀kùn dúró gangan níwájú mi. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ó rọra wọlé.

Mo fò sókè. Mo gbàgbé takàbà, mo yíjú sí orí ẹní tí Yúnúsà máa ń jókòó sí, mo sì fi gbogbo ohùn mi kígbe pé, "Ọkọ̀ mi ti wọlé o! Ọkọ̀ mi ti wọlé!"

Ìgbà yẹn gan-an ni Àfáà Jímọ̀, lèmọ́mù àwa Yorùbá àdúgbò yìí, ń ti ìrun Jímọ́ọ̀ bọ̀ sí pálọ̀ mi láti wá kí mi. Ta ló sì ń tẹ̀ lé e? Gbàdàmọ́sí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò Ìwó. Ẹsẹ̀ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọkọ̀ nínú wọn. Ọkọ ni wọ́n gbọ́.

Ìwọ náà rò ó wò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé wọn ni mo ti ń pe Gbàdàmọ́sí ní "ọkọ mi", bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Wàyí o, opó ń kígbe ayọ̀ láti inú yàrá pé ọkọ òun ti wọlé, àbúrò ọkọ sì rèé lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn Àfáà: "Súbúhánálláhì!" Gbàdàmọ́sí wá fi ohùn tó tutù bí ẹ̀kọ àná dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Èmi ni mo dé."

Kí ni kí n sọ? Pé géèmù ni mo ń ṣe nínú ọ̀fọ̀ ọkọ mi? Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló kó bá mi jù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin wa ti ń wọlé wá kí mi. Wọ́n ní mo gbọ́n, mo tètè mọ ibi tí n ó fara tì. Nígbà tí mo wá ya ẹnu, tí mo ní ọkọ̀ ni mo pè, ọkọ̀ tí ń rìn, wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan ní ṣebí Onitsha ni wọ́n bí mi sí, ohùn Yorùbá mi ti wọ́ tipẹ́, kí n má fi ohùn bo ìtìjú. O rántí bí ẹ ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, tí mo bá pe igbá, tí ẹ ní igba ni mo pè? Ohun tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín nígbà náà ló di okùn lọ́rùn mi. Bí mo bá ní rárá, wọ́n á ní ojú ló ń tì mí. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní mo gbà. Inú yàrá yìí ni mo jókòó sí, tí mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ayé mi ní pálọ̀ mi.

Mama Obiageli ló wá bá mi lójú fèrèsé. Ó ní, "My sister, dem say your husband don come. Which husband? The one wey we bury?" Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Call Alfa. Show am the thing. Eye no dey hear Yoruba."

Mo ránṣẹ́ sí Àfáà. Òun àti Gbàdàmọ́sí wá, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, Mama Obiageli fi ara ti òpó ẹnu ọ̀nà. Àfáà wo àpótí náà bí ẹni pé yóò bu òun ṣán. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Súlìyátù, jẹ́ ká rí ohun tó wọlé."

Mo gbá ọ̀pá mú. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ fọ́. Gbàdàmọ́sí ní, "Ó mà ṣe o." Èkejì, ilé tì í dànù. Ẹ̀rù bà mí gidi. Bí ó bá kọ̀ tí kò wọlé lójú wọn, ẹnu mi ti di ẹnu elékèé nìyẹn, Ìwó sì nìyẹn. Mo mí kanlẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì díẹ̀, mo gbé ọwọ́ kúrò. Bí mo ṣe ń yí ọkọ̀, mo rí Àfáà tó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga, fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Gbàdàmọ́sí náà ń tẹ̀. Kò sẹ́ni tó mí. Ọkọ̀ sún mọ́ ọn, ó sún mọ́ ọn, ó sì wọlé wẹ́rẹ́.

Èmi kò sọ̀rọ̀ o. Àfáà Jímọ̀ ló fò dìde, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ké pé, "Ọkọ̀ ti wọlé! Ọkọ̀ ti wọlé o!"

Obìnrin Yorùbá kan tó ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé dáhùn pé, "Ọkọ ta ni?"

Àfáà rọra jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní bí èèyàn bá ti fi igbe pe ọ̀rọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn kì í yàtọ̀ mọ́, a kì í sì í fi igbe so yìgì. Ó yíjú sí Gbàdàmọ́sí, ó ní wúńdíá ni ìdákẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ sí pé ó gbà, opó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ opó ní gbangba nígbà tí takàbà rẹ̀ kò tíì tán, nítorí náà, òun kò béèrè nǹkan kan.

Mo ní, "Ẹ kò béèrè, Àfáà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ohùn mi má bàa wọ́. N kò fẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́, n kò sì ní lọ sí Ìwó."

N kò tíì pa ẹnu dé tí Gbàdàmọ́sí fi ní, "Alihamudulilai!" Ó sọ ọ́ sókè, ó tún nu ojú. Ó ní àwọn àgbà ilé ló fi dandan rán òun, ìyàwó òun kò sì bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. "Ìyàwó wa, nígbà tí mo gbọ́ igbe yẹn lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi já. Mo ní ó ti tán fún mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, inú bí mi. Ṣé mo burú tó bẹ́ẹ̀, tí èèyàn yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè lójú mi? N kò fẹ́ ẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kó dùn ún díẹ̀.

Kí ó tó lọ, ó ní kí òun náà gbìyànjú géèmù ẹ̀gbọ́n òun. Ó fọ́ ọkọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrì, ó sì ń bú u bí Yúnúsà ṣe máa ń bú u gẹ́lẹ́. Ohùn kan náà ni wọ́n ní. Mo ní kí n lọ bu omi fún un, kí ó má bàa rí ojú mi.

Ó ti padà sí Ìwó láti jíṣẹ́ fún wọn. Mo ti rò pé bí wọ́n bá tú okùn yẹn kúrò lọ́rùn mi, n ó jó, takàbà tàbí kò sí takàbà. Lọ́jọ́ kejì tó lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wá ẹni tí n ó bá jà, n kò rí. Láti ìgbà tí Yúnúsà ti kú, Ìwó ni mo ń bá jà nínú ọkàn mi, ní òru, ní ọ̀sán, lórí ẹní ìrun pàápàá. Ìjà yẹn gba gbogbo àyè. Ó ti tán báyìí. Ìsọ̀ mi ń bẹ lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá kó mi lọ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀. Àná ni mo tó sunkún ọkọ mi, Bílíkísù, ọkọ mi, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fọwọ́ kan Kúdí lórí fún mi. Máa kọ̀wé sí mi, kódà bí kò bá sí ìròyìn, sọ ohun tí o sè lálẹ́ àná. Ilé yìí dákẹ́ jù.

Èmi ni tìrẹ, bí o ṣe mọ̀ mí láti kékeré,

Súlìyátù.