Mo Gba Ọ̀rọ̀ Mọ́ Moyọ̀ Lẹ́nu

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Ọ̀la ni ìjókòó ìgbìmọ̀ káńsù lórí ilé ìwòsàn àdúgbò. Àǹtí Ethel, ọ̀gá wa nínú ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ní èmi ni mo máa sọ̀rọ̀. "Àánú, ìwọ lò ń kàwé iṣẹ́ ìjọba. Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Yaba. Gba-Díẹ̀ tún kọ́ wa. (Dókítà Adéríbigbé ni — èmi ni mo sọ ọ́ ní Gba-Díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, kó gba díẹ̀, kó yááfì ìyókù.)

Moyọ̀ pè. Àbúrò mi kan ṣoṣo — rọpárọsẹ̀ mú un ní kékeré, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló wà látìgbà náà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́ bá mi lọ, ó ní òun náà lọ́rọ̀ í sọ. Mo ní kó máa bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ó lọ dáadáa. Ó lọ dáadáa jù.

Quadri, ọkọ Moyọ̀, tì í wọlé, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Mushin. Mo sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ni mo tú síbẹ̀ — alága ń mirí. Wọ́n gbà láti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọ ìsàlẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún? Wọ́n ní agbára àwọn ò ká a. Mo rántí Gba-Díẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí tòkè dúró ná, sà. Àwọn tí à ń jà fún kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀."

Moyọ̀ nawọ́. Alága ò wò ó, èmi ló wò. "Ṣé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí, kó má ba àdéhùn mi jẹ́.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Moyọ̀ rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́rú, 8

Mo pè é. Kò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 9

Gba-Díẹ̀ fi mí ṣàpẹẹrẹ ní kíláàsì. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó gbọ́n. Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Kí n tó lè jókòó kọ èyí, mo fọ gbogbo aṣọ tó wà nílé, títí kan èyí tó mọ́.

Mo lọ sílé Moyọ̀. Kò sí nílé. Ìyá Shakirat, aládùúgbò wọn, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú oríire o!" Oríire kí ni? "Háà, ẹ ò tíì gbọ́ ni? Àbúrò yín ti lóyún! Ilé ìwòsàn ni wọ́n lọ."

Ilé ìwòsàn yẹn.

Mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn. Quadri pọ̀n ọ́n, ó ń gùnkè, òógùn bo gbogbo ara ẹ̀. Àwọn aboyún tó kù fara mọ́ ògiri kí wọ́n lè kọjá. Odindi adélébọ̀ — ọkọ ẹ̀ pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́ lójú gbogbo ayé. Moyọ̀ dijú pa. Nígbà tó lajú, èmi ló rí.

Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn nìyí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀, kínú yín dùn."

Mi ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi tó ń wọ́mọ ni mo ti bá gbàdúrà. Mi ò gbà á fún Moyọ̀ rí. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ó lè bímọ. Ọmọ ìyá mi.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Àǹtí Ethel. Ó ní, "Tá a bá padà lọ, wọ́n á ní a ò mọ ohun tá a fẹ́." Mo ní kí wọ́n wí. "Kí lo wá fẹ́ sọ fún wọn?" Mo ní kì í ṣe èmi ló máa sọ̀rọ̀.

Mo lọ bẹ Moyọ̀. Ó ń ránṣọ lọ, kò gbójú sókè. Ó ṣáà gbà — "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lẹ máa jókòó sí."

Ọjọ́bọ̀, 16

A padà sí káńsù. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dìde. Mo ní irọ́ ni mo pa, kò rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó.

Moyọ̀ ní, "Ẹ má kọ́ nǹkan kan sókè, sà. Ẹ gbé àwa aboyún wá sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kó ọ́fíìsì yín tó wà níbẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀yin lẹ lẹ́sẹ̀." Alága rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Moyọ̀ ò rẹ́rìn-ín, ó yíjú sáwọn ìgbìmọ̀ tó kù. Wọ́n gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 31

Wọ́n ti kó àwọn aboyún wá sísàlẹ̀ lóòótọ́. Quadri níṣẹ́, Moyọ̀ ní kí n sin òun lọ. Inú mi dùn títí a fi débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gba orí Moyọ̀ wò mí, ó bi mí: "Oyún oṣù mélòó ni?"

Mo ní, "Mẹ́rin." Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń kọ ọ́.

Moyọ̀ ní, "Márùn-ún ni, Nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo lóyún."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo lọ dúró síta.